Bí Mo Ṣe Gba Ìyàwó Mi Lọ́wọ́ Àfikún, àti Ohun tí Onídà Ará Jàpáànù Kọ́ Mi

Ẹ̀yin olùkà mi, mo kí yín o. Mo kí ẹni tí ó jókòó ka ìwé yìí fúnra rẹ̀, mo sì kí ẹni tí ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní tí wọ́n ń kà á sí létí. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ra ìwé, mo kí ẹ̀yin tí ẹ yá a tí ẹ kò sì ní í dá a padà. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Olódùmarè, ẹni tí ó dá igbó pẹ̀lú ẹranko inú rẹ̀, tí ó wá dá ọdẹ kí àwọn ẹranko má baà rò pé àwọn nìkan ni wọ́n wà láyé. Mo dúpẹ́ pé ó dá ìyàwó mi padà fún mi láàyè, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tí nǹkan kan kò dín kù nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé orí mi ṣì ń bẹ lórí ọrùn mi, nítorí ẹ óò gbọ́ láìpẹ́ pé ẹnìkan gbìyànjú láti yà wọ́n nípá.

Jósíà Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi, ará Òkè-Ìdẹ̀ra. Ìwé orin ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, bí mo bá ń ka ìkéde ìjọba lára ògiri, ohùn mi a máa fẹ́ gòkè ní òpin ìlà, àwọn tí ó dúró tì mí a sì máa fẹ́ gbè é. Ọdẹ ni mí, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo ti pàdé ẹfọ̀n ní ojú ọ̀nà tóóró rí, èmi àti òun wo ara wa lójú, ẹfọ̀n náà ni ó sì yà. Àwọn kan ń sọ káàkiri ìlú pé orí igi ni mo wà nígbà náà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bí ẹfọ̀n náà kò bá bẹ̀rù mi, kí ló dé tí kò gun igi wá bá mi? Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, èyí tí mo rìn wọ Igbó Àìsinmi nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó mi lọ. N kò ní í sọ ohun tí mo jẹ ní ọ̀nà tàbí ibi tí mo ti wẹ̀, nítorí ẹ̀yin náà ń jẹun, ẹ sì ń wẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ìyàwó mi, Ìbíyẹmí, ìyá Dáníẹ́lì, bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dèbórà lọ wá olú ní etí igbó náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Dèbórà nìkan ni ó padà. Eré ni ó ń sá bọ̀, agbọ̀n olú rẹ̀ sì dojú dé orí rẹ̀ bí akẹtẹ̀.

"Bàbá Dáníẹ́lì, ẹ gbà mí! Wọ́n ti gbé ìyàwó yín lọ!"

"Ta ni ó gbé e?"

"Ó jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kéré bí ẹ̀wà. Ó yọ sí wa láàárín igi, ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin obìnrin dáadáa. Èwo nínú yín ni ó mọ̀wé kà?' Bí mo ti rí etí yẹn, mo ní n kò mọ̀wé kà rárá, mo ní bàbá mi kò tilẹ̀ fẹ́ kí n gba iwájú ilé ìwé kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyàwó yín."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Kí ni ó sọ?"

"Ó ní òun mọ̀wé kà ju olùkọ́ lọ, pé òun lè ka ìwé orin láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Kò tíì pa ẹnu dé tí nǹkan náà fi gbé e sí èjìká. Inú nǹkan náà dùn o, Bàbá Dáníẹ́lì. Ijó ni ó ń jó lọ."

Mo kúnlẹ̀ mo gbàdúrà, mo fi ìwé orin sínú àpò ọdẹ mi, mo gbé ìbọn, mo sì wọ igbó. Kò pẹ́ tí mo fi rí ọ̀nà tí wọ́n gbà, nítorí tàdáwà ń kán sílẹ̀ láti ìdí igi dé ìdí igi bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ọta bà. Mo tẹ̀ lé e títí mo fi dé ilé ńlá kan tí a fi tákàdá kọ́ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Inú rẹ̀ kún fún bẹ́ńṣì bíi ti ilé ìsìn, àwọn ènìyàn sì jókòó sórí bẹ́ńṣì wọ̀nyí, ojú wọn rọ, ẹnu wọn là sílẹ̀ díẹ̀, bí ojú ìjọ nígbà tí oníwàásù bá ti sọ "ní ìparí" tí ó sì tún ṣí ojú ìwé mìíràn. Ẹni tí ó gbé ìyàwó mi dúró níwájú wọn. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan parí sí ẹnu gègé ìkọ̀wé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń kán tàdáwà. Etí rẹ̀ kéré lóòótọ́, gègé mìíràn ni ó sì kì bọ inú wọn. Ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ni ó ń kà fún wọn láti inú ìwé kan tí ó ga dé ìdodo rẹ̀, ó sì ti ń kà á láti ìgbà tí díẹ̀ nínú àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ṣì wà ní ọ̀dọ́, síbẹ̀ kò tíì dé ibi tí wọ́n ti bí i.

Mo fẹ́ yìnbọn. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbọ́ ìlà mélòó kan nínú ìwé náà, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níbi ìpàdé tí akọ̀wé ti ń ka ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹ mọ bí ó ṣe rí. Agbára ohùn rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ti ń kà, eékún kò ní í gbé ara.

Ó rí mi, ó sì dúró. "Káàbọ̀, ìwọ ọdẹ! Èmi ni Àfikún, ọmọ Àfikún, ọmọ-ọmọ Àfikún, ọ̀gá àwọn akọ̀wé, olórí àwọn amòye, ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, tí ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣáájú..."

"Mo wá mú ìyàwó mi," mo ní.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé," ni Ìbíyẹmí wí láti orí bẹ́ńṣì kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rẹ̀. "Ṣé ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún gbogbo ìlú bí ẹ ó ṣe gbà mí sílẹ̀ ni?"

Mo ti sọ fún àwọn díẹ̀ lóòótọ́.

Àfikún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Jẹ́ kí a ṣe àdéhùn. Kọ ohunkóhun tí ó wù ọ́ sórí tákàdá. Bí ohun tí o kọ bá parí kí n tó fi ọ̀rọ̀ kan kún un, mú ìyàwó rẹ kí o máa lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi kún un, orí bẹ́ńṣì ni ìwọ náà yóò jókòó títí n óò fi parí ìwé mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o lè kọ ọ́."

Ọwọ́ mi ti ń lọ sí ibi tákàdá náà, nítorí ìdáhùn ti dé ọkàn mi, ó sì dùn mọ́ mi. Bàbá arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi ni ó fà mí láṣọ. Kátíkíìsì ni, olùkọ́ ìjọ, ní ìlú kan tí ó jìnnà.

"Ọmọ mi, ṣé Àmín ni o fẹ́ kọ?"

"Bàbá, báwo ni ẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi náà ni mo kọ ọ́. Mo ní ta ni yóò fi nǹkan kún Àmín? Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé, 'Kí ẹ tó lọ, a ní ìkéde díẹ̀.' Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti wà níbí. Akọ̀wé kóòtù tí ò ń wò lọ́hùn-ún yẹn, 'Ó parí' ni tirẹ̀. Ó fi 'apá kìíní' kún un."

Mo mú ọwọ́ mi kúrò níbi tákàdá náà wọ̀ọ́. Bàbá Kátíkíìsì rọra sọ fún mi létí pé ẹnìkan ṣoṣo ni Àfikún ń bẹ̀rù nínú igbó náà, onídà kan tí ó ti ilẹ̀ Jàpáànù wá, tí ó ń gbé ní òdìkejì odò. Bí ìró idà rẹ̀ bá ti dún láti ọ̀nà jíjìn, Àfikún a máa gbàgbé ibi tí ó kà dé. Mo bá yíjú sí Àfikún, mo ní kí ó fún mi láyè kí n lọ múra sílẹ̀. Ó gbà kíákíá. Ó ní òun ṣì ní orí ìwé kan láti kà nípa ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá òun.

"Ẹ má pẹ́ o," ni ìyàwó mi wí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ti ń gbàgbé mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó lé mi jáde. Mo sáré wọ igbó, n kò sì tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ariwo irin bí ẹni pé àgbẹ̀dẹ ń ṣubú lórí òkè. Ohun tí ó jáde sí mi jẹ́ òmìrán kan tí ó so idà mọ́ èjìká, mọ́ ìbàdí, mọ́ itan, mọ́ kókósẹ̀. Ariwo rẹ̀ ti lé gbogbo ẹyẹ kúrò ní àdúgbò náà.

"Dúró níbẹ̀!" ni ó wí. "Ó kù díẹ̀ kí n pa ọ́!"

"Kí ni ó dí ọ lọ́wọ́?"

"O kò tíì mọ ẹni tí yóò pa ọ́. Ó-Kù-Díẹ̀ ni orúkọ mi. Ó kù díẹ̀ kí n pa erin! Ó kù díẹ̀ kí n pa àwọn ọmọ ogun tí ó gba ibí kọjá! Ó kù díẹ̀ kí n pa ẹkùn, bí kò bá jẹ́ pé oòrùn wọ̀ mí lójú!"

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí ènìyàn lè máa fọ́nnu níwájú rẹ̀ kí n sì dákẹ́. Mo sọ ti ẹfọ̀n fún un. Ó sọ ti erin padà. Mo ní ẹfọ̀n mi tóbi ju erin rẹ̀ lọ. Ó ní erin òun ní ìyàwó méjì. A sọ ọ́ títí ohùn àwa méjèèjì fi ha, kò sì sí ẹni kankan tí ó gbọ́ wa bí kò ṣe kòkòrò. Níkẹyìn inú bí i, ó fa idà kan yọ, idà náà kọ́ èkejì, èkejì kọ́ ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ yí bíríbírí bí òòyì, ọ̀kan nínú wọn sì já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi, ó gé etí fìlà mi sọnù, ó sì wọlé sára igi títí dé èèkù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá mi lójú ẹsẹ̀, n kò dúró kí n kúnlẹ̀.

"O rí i?" ni Ó-Kù-Díẹ̀ wí láti ilẹ̀ tí ó ṣubú sí, tayọ̀tayọ̀. "Ó kù díẹ̀!"

Mo bi í léèrè ọ̀nà ilé ará Jàpáànù. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní, "Kuramóṣì? Mo kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Mo ní kí ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi idà jà. Ṣé o mọ ohun tí ó ní kí n ṣe? Ó ní kí n gbálẹ̀! Èmi! Mo bá tèmi lọ." Ó fi ẹsẹ̀ júwe ọ̀nà fún mi, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti há sáàárín àwọn idà. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí mo fi dé etí odò.

Ní òdìkejì odò ni mo ti bá bàbá arúgbó kan lórí pákó tí ó mọ́ tónítóní. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìdí lé gìgísẹ̀. Idà kan ṣoṣo wà nínú àkọ̀ ní apá òsì rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìkọ̀wé kan, òkúta kékeré tí wọ́n ń lọ tàdáwà lórí rẹ̀, àti tákàdá funfun wà ní apá ọ̀tún. Ó tẹrí ba fún idà náà, ó sì tẹrí ba fún búrọ́ọ̀ṣì náà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá," mo ní. "Onígbàgbọ́ ni mí. N kì í bọ òrìṣà."

"Ta ní ń bọ òrìṣà?" Yorùbá rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó jẹ́ kí ó jáde.

"Mo rí i tí ẹ tẹrí ba fún idà."

"Nígbà tí o bá ń wọ ilé ìsìn yín, ṣé o máa ń ṣí fìlà?"

"Mo máa ń ṣí i."

"Ṣé ilẹ̀kùn ni ò ń ṣí i fún?"

Mo ṣí fìlà mi.

"Ohun tí mo fẹ́ gbé lè pa ènìyàn," ni ó wí. "Mo tẹrí ba kí n má baà gbàgbé. Ìdí kan náà ni mo fi tẹrí ba fún búrọ́ọ̀ṣì."

Mo jókòó, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fi ti ẹfọ̀n kún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ní ilẹ̀ tí òun ti wá, àwọn àgbà onídà a máa fi ọ̀wọ̀ kan náà kọ́ ìwé kíkọ, nítorí pé mímí kan náà ni, ọrùn ọwọ́ kan náà ni, ọkàn kan náà ni. Òun fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ó di pé àwọn tí ń ra idà ń rà á kí wọ́n lè fi í kọ́ ògiri, tí àwọn tí ń kọ̀wé sì ń kọ ọ́ nítorí ògiri kan náà. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń wá ibi tí kò ti sí ẹni tí yóò wòran òun. Ó bi mí pé, "Nígbà tí idà bá ti gòkè tí kò tíì balẹ̀, kí ni ó wà níbẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́, bàbá."

"Rárá."

"Ikú ni."

"Ikú kò tíì dé."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Ẹni tí ó mú idà ni ó wà níbẹ̀, láìsí aṣọ. Bí ó bá jẹ́ agbéraga, ìgbéraga ni yóò balẹ̀. Bí ó bá ń bẹ̀rù, ẹ̀rù ni yóò balẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí ó gòkè tí kò tíì kan tákàdá, ẹni náà ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọn kì í parọ́ fún ènìyàn, àwọn méjèèjì. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo fún yín láyè. Èmi tí mo fi Ó-Kù-Díẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé etí odò, mo gbálẹ̀. Mo gbálẹ̀ títí ilẹ̀ náà fi mọ́, ó ní kí n tún un gbá. Mo lọ tàdáwà lórí òkúta títí apá mi fi ń ro mí. Nígbà tí ó wá fi idà lé mi lọ́wọ́ tí ó ní kí n gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ó so rọ̀, mo dúró gan-an bí akọni, mo kígbe orúkọ mi, mo kígbe orúkọ bàbá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi bí àwa ọdẹ ti máa ń ṣe. Nígbà tí mo dé orí ti ẹfọ̀n, atẹ́gùn fẹ́, ewé náà já, ó sì bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ó gbọ́ títí, ó sú u," ni Kuramóṣì wí.

Mo gé ewé mìíràn. Bí idà náà ti wọ ìdajì, mo yí ojú padà láti wo bàbá náà bóyá ó ń wò mí, idà náà sì dúró. Ó ń wò mí ní tòótọ́. Ó ní, "Ìwò yẹn ni ó dá idà dúró. O ò wo ewé. Èmi ni ò ń wò." Ó gba idà, ó nù ún, ó dá a padà sínú àkọ̀, ó sì gbé búrọ́ọ̀ṣì fún mi. Ó ní kí n fa ìlà kan. Ìlà kan péré! Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo fà á. Ìlà náà tẹ̀ bí ìrù ajá. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìwé lórí síléètì bí èmi, ẹ ti mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe kí n tó ronú. Mo tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, mo sì fi nù ún. Láìpẹ́ tákàdá funfun náà ti dà bí ìdí ìkòkò, ọwọ́ mi di dúdú, mo nu òógùn ojú mi, ojú náà di dúdú. Bàbá arúgbó tí kò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti dé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ọwọ́ gbá pákó.

"Kí ni o ṣe yẹn?"

"Mo ń pa á rẹ́ ni, bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é ní ilé ìwé wa."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe ń yìnbọn?"

Ó dùn mí, mo sì bínú. Mo ní, "Ẹ má fi ìyẹn bú mi. Ọlọ́run tí mo ń sìn, òun náà a máa pa nǹkan rẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi, bí ó ti pọ̀ tó, ó nù ún kúrò. Bí kò bá ń nu nǹkan nù ni, èmi ìbá ti ṣègbé."

Ó wá tẹrí ba fún mi, bí ó ti ṣe fún idà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn dára. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni Ọlọ́run. Fi nínù sílẹ̀ fún un. Kíkọ ni tìrẹ. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé òun yóò nù ún, kò ní í wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń kọ ọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti jókòó lábẹ́ oníwàásù púpọ̀, mo sì ti sùn lábẹ́ díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ará Jàpáànù yìí wọ̀ mí lára bí òjò ṣe ń wọ ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà láìsọ̀rọ̀. Nígbàkigbà tí mo bá fa ọ̀kan, yóò bi mí pé, "Ta ni o kọ ọ́ sí?" Mo ní Àfikún ni, kí ojú lè tì í. Ó ní kí n lọ gbálẹ̀. Mo ní ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí, bàbá, kí ẹ lè yìn mí. Ó ní kí n gbá ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fa ìlà, mo sì rántí ohùn Ìbíyẹmí nígbà tí ó sọ pé ẹsẹ̀ òun ti ń gbàgbé òun. N kò rántí Àfikún, n kò rántí bàbá náà, n kò rántí ara mi. Ìlà náà balẹ̀.

Ó wò ó. "Ó wọ́," ni ó wí. "Ta ni o kọ ọ́ sí?"

"Ìyàwó mi."

"Máa lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó yá mi ní idà rẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi kò ṣófo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo sì sáré.

Mo bá Àfikún níbi tí mo fi í sí. Nínú ìwé tí ó ń kà, ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ ṣì ń ṣàìsàn. Nígbà tí ó rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó na tákàdá àti gègé sí mi, gbogbo àwọn tí ó wà lórí bẹ́ńṣì sì na ọrùn síwájú. Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò kíyè sí nígbà tí mo kọ́kọ́ wá. Nígbà tí Àfikún bá ń fi nǹkan kún ọ̀rọ̀ ènìyàn, kì í kàwé, ẹnu rẹ̀ a dákẹ́, ẹsẹ̀ gbogbo wọn a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ìbá ti máa lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ni ó máa ń fẹ́ jókòó mọ ohun tí yóò fi kún un!

N kò kígbe orúkọ mi. N kò wo ojú Àfikún. Mo mí sínú, mo ronú kan obìnrin tí ó wà lórí bẹ́ńṣì kẹ́yìn, mo gbé gègé sókè, mo sì kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà, ẹ̀ẹ̀kan náà, láìpadà sẹ́yìn. Mo gbé e sókè kí Ìbíyẹmí lè rí i. Ohun tí mo kọ ni: Wá.

Àfikún bú sẹ́rìn-ín. "Kò tíì sí èyí tí ó rọrùn tó yìí! Wá! Wá síbo? Wá nígbà wo? Wá pẹ̀lú ta ni? N óò fi ojú ìwé ogún kún un!" Ó já tákàdá náà gbà, ó pọ́n ìka rẹ̀, ó sì tẹ orí ba láti kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Kò lè kọ nǹkan kan láìkọ́kọ́ kọ oyè rẹ̀ sí òkè ojú ìwé. Níbi tí ó ti ń kọ ọ́ lọ, ọmọ Àfikún, ọmọ-ọmọ Àfikún, ọ̀gá àwọn akọ̀wé, Ìbíyẹmí dìde. Ó ṣubú. Ó tún dìde, ó di bẹ́ńṣì mú.

"Níbo lò ń lọ?" ni akọ̀wé kóòtù bi í. "Jókòó kí a gbọ́ ohun tí yóò fi kún un."

"Ọkọ mi ní kí n wá. Mo ń lọ ni."

Bàbá Kátíkíìsì nu ojú rẹ̀. "Ṣé ó kọ orúkọ rẹ sí i?"

"Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

"Nígbà náà, èmi náà lè jẹ́ ẹ," ni bàbá náà wí, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀. Ni bẹ́ńṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdí àwọn ènìyàn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi gba akọ̀wé kóòtù mú lọ́rùn aṣọ, ó sì wọ́ ọ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó kọ̀ láti dìde. Òun náà ní ìwé tirẹ̀ nínú àpò, ó sì ń retí ìgbà tí yóò kàn án láti kà á fún Àfikún.

Ìyàwó mi ti di ọwọ́ mi mú kí gègé Àfikún tó parí àwọn oyè rẹ̀. Ó gbójú sókè. "Mo ti fẹ́ fi kún un!" ni ó pariwo. "Ẹ padà! N kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ náà!"

Bàbá Kátíkíìsì yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ẹni tí wọ́n pè ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pè é. Ohun tí ò ń kọ báyìí, ìwọ nìkan ni o ni ín."

Inú bí Àfikún. Ó gbé ìwé ńlá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀, eékún wa sì tún ń yẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà. Mo fa ìwé orin yọ, mo dá orin, gbogbo wọn sì gbè é, olúkúlùkù ní ohùn tí Ọlọ́run fún un, kò sí méjì tí ó bára mu. Àwọn ọ̀bọ di etí wọn. Kò sí akọrin ìjọ kan tí yóò gbà wá wọlé, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ nínú ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá Àfikún, a sì rìn jáde ní Igbó Àìsinmi lórí ẹsẹ̀ ara wa.

Nígbà tí a rí òrùlé ìlú wa, Ìbíyẹmí tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú ojú mi tí tàdáwà kò tíì ṣí lára rẹ̀ tán.

"Odindi ọdẹ," ni ó wí. "Ẹ rin gbogbo igbó yìí já, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ mú bọ̀."

"Ṣé kò tó?"

Ó rìn díẹ̀ kí ó tó dáhùn. "Ó tó," ni ó wí. "Ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí mi rí."

Mo ti pa ẹran púpọ̀ láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé èwo ni mo pa tí ó dùn mọ́ mi jù, n óò sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yẹn ni, n kò sì yìnbọn fún un. Àfikún ṣì wà níbẹ̀, ó ń kọ̀wé lọ. Mo tilẹ̀ gbọ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti pọ̀ nínú ìlú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn ọdún níbi ìpàdé, àwọn mìíràn sì gun orí àga ìwàásù. Ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa, ẹ wo etí wọn.

Ìwọ tí o kà mí dé ibí, Olúwa yóò ràn ọ́ lọ́wọ́. Kí ó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kú níbi tí kò yẹ kí o jókòó sí. Kí ó fún ọ ní ẹni tí ọkàn rẹ yóò máa bá sọ̀rọ̀, kí ó sì sọ ọwọ́ rẹ di ọwọ́ tí kò gbọ̀n. Èyí tí o bá ṣe tí ó wọ́, kí àánú rẹ̀ bò ó. Ẹni tìrẹ tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, kí ó gbọ́ ohùn rẹ, kí ó dìde, kí ó sì padà wálé bá ọ ní àlàáfíà. Àmín.